Ṣíṣọ́ ìlò CPU, mẹ́mọ́rì àti dísìkì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ lórí Db2 for z/OS

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ohio

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ DBA (alábòójútó dátábéèsì), Db2 13 for z/OS, dátábéèsì IBM tó ń ṣiṣẹ́ lórí mainframe, sì ni a ń lò. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán, láàárín aago méjì sí mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń san owó ẹ̀tọ́ fún oníbàárà máa ń pariwo pé kọ̀ǹpútà àwọn kò dáhùn mọ́. Ìròyìn tí mo ní lọ́wọ́ kò ju èyí tí à ń ṣà jáde lóru láti inú àkọsílẹ̀ SMF (àkọsílẹ̀ ìlò tí z/OS ń tọ́jú) lọ. Nígbà tí mo bá fi máa kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti kọjá, ìṣirò náà sì ti di àròpọ̀ wákàtí kan-an-kan tí kò fi ẹnikẹ́ni hàn. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe lè rí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀: ta ló ń jẹ CPU, ta ló ń dúró de ta, kí sì ni ọwọ́ mẹ́mọ́rì àti dísìkì nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò tíì fọwọ́ sí i pé kí a ra irinṣẹ́ olówó ńlá. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ti ní nílé.

Bàbá SDSF

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Kí o tó kan Db2 rárá, wọ inú SDSF (irinṣẹ́ tí a fi ń wo iṣẹ́ tó ń lọ lórí z/OS), ṣí pánẹ́ẹ̀lì DA, kí o sì kọ SORT CPU% D, kí àwọn tó ń jẹ CPU jù lọ lè wá sókè. Níbẹ̀ ni wàá ti rí àwọn address space (àyè mẹ́mọ́rì tí ètò kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́) tó jẹ́ ti Db2 rẹ. Bí orúkọ Db2 náà bá jẹ́ DBP1, wàá rí DBP1MSTR tó ń bójú tó log (àkọsílẹ̀ ìyípadà dátà) àti àwọn àṣẹ, DBP1DBM1 tí buffer pool (mẹ́mọ́rì tí Db2 ń kó ojú ewé dátà sí) àti iṣẹ́ orí dátà wà lábẹ́ rẹ̀, DBP1DIST tó ń gba àwọn tó ń wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti IRLM tó ń pín lọ́ọ̀kì (ìdè tí kì í jẹ́ kí àwọn ètò kọlu ara wọn lórí dátà kan náà) fún gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí DA tàn ọ́ jẹ. Iṣẹ́ SQL tí CICS (ètò tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lóhùn lójú ẹsẹ̀) tàbí jọ́ọ̀bù batch (iṣẹ́ tí a tò jọ láti ṣe) bá gbé fún Db2, orí ẹni tó gbé e wá ni z/OS ń ka CPU rẹ̀ sí, kì í ṣe orí DBM1. DBM1 lè dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé CICS ń jó CPU lórí ìbéèrè SQL kan ṣoṣo tí kò rí index tó yẹ lò. Ní ti àwọn tó ń gba DIST wọlé, inú enclave (àpò tí z/OS fi ń ka iṣẹ́ kan sọ́tọ̀) ni iṣẹ́ wọn ti ń lọ, pánẹ́ẹ̀lì ENC ló sì ń to enclave kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú CPU tó ti lò àti service class (ẹgbẹ́ iṣẹ́ tó ní àfojúsùn tirẹ̀) tí WLM, alákòóso iṣẹ́ lórí z/OS, fi í sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni RMF Monitor III, irinṣẹ́ z/OS tó ń wọn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà ní ilé iṣẹ́ yín, ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ ipò iṣẹ́ wò, ó sì ń kó 100 ìṣẹ́jú-àáyá pọ̀ sí ojú ewé kan. Ojú ewé DELAY ni kí o ṣí. Yóò sọ fún ọ ìdá tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń lo nǹkan nínú àkókò yẹn, ìdá tó fi ń dúró, àti ohun tó ń dúró dè, ìbáà ṣe CPU, dísìkì, mẹ́mọ́rì tàbí ENQ (ohun èlò tí ẹlòmíràn ti di mú). Bí ariwo bá dé etí rẹ nígbà tí nǹkan ti rọlẹ̀, tẹ PF10 kí o padà sẹ́yìn nínú àkókò. PF11 yóò dá ọ padà síwájú. Àwọn tó ń lo RMF láì mọ PF10 yìí pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Z

Ẹ má bínú sí ìbéèrè ọmọdé, ẹ̀yin àgbà. Èkó ni mo wà, orí IBM Z Xplore ni mo ti ń kọ́ z/OS. Lórí Linux, àṣẹ top kan ṣoṣo ni à ń fi wo gbogbo rẹ̀. Ṣé DA kọ́ ni top ti z/OS ni? Kí ló tún kù tí ẹ̀ ń wá?

Ìyá Ìbejì DBA

Ìbéèrè rẹ dára, ọmọ mi. DA àti top jọra dé ibì kan, nítorí pé àwọn méjèèjì ń sọ ẹni tó ń jẹ CPU. Ẹni tó jókòó tó ń dúró kì í jẹ CPU, kò sì ní gòkè nínú èyíkéyìí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, nínú dátábéèsì, ìdúró ló sábà máa ń ba ọ̀sán àwọn ènìyàn jẹ́ ju ìlò lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún Db2 ní àṣẹ -DISPLAY THREAD(*) TYPE(ACTIVE), ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ sì tún un fún un. Òpó mẹ́ta ni kí ẹ tẹjú mọ́: ST, A àti REQ. Ìràwọ̀ tó bá wà lábẹ́ A ń sọ pé thread náà (ìsopọ̀ ètò kan mọ́ Db2) wà nínú Db2 ní àkókò yẹn gan-an, REQ sì ń ka iye ìgbà tó ti ké sí Db2. Bí ìràwọ̀ bá wà, tí REQ sì ń fò sókè láàárín ìgbà méjèèjì tí ẹ wò ó, thread náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá wà ṣùgbọ́n tí REQ kò sún, ìbéèrè SQL kan ṣoṣo ló wọ inú Db2 tí kò tíì jáde, yálà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tàbí nítorí pé ó ń dúró de nǹkan. Bí kò bá sí ìràwọ̀, tí REQ kò sì sún, ètò tó wà níta ló di thread náà mú tí kò sì sọ nǹkan kan. Irú ẹ̀kẹta yìí ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé bó bá ti ṣe UPDATE tí kò tíì ṣe COMMIT (àṣẹ tó ń fìdí ìyípadà múlẹ̀), lọ́ọ̀kì rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọin-gbọin, kò sì sí ojú ewé CPU kankan tí yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá rí QT lábẹ́ ST, thread náà ṣì wà lórí ìlà, kò tíì wọlé. Ó sábà máa ń jẹ́ pé CTHREAD, iye thread tí a gbà láàyè, ti kún.

Fún lọ́ọ̀kì, ẹ lo -DISPLAY DATABASE(orúkọ rẹ̀) SPACENAM(*) LOCKS. Nínú òpó LOCKINFO, H ló ń ṣáájú fún ẹni tó di lọ́ọ̀kì mú, W fún ẹni tó ń dúró. Àṣẹ yìí kò ní sọ ti ojú ewé dátà tàbí ti ìlà kọ̀ọ̀kan fún yín, nítorí náà ẹ máa wo àkọsílẹ̀ MSTR pẹ̀lú. Bí àkókò ìdúró bá pé, tí IRLMRWT fi sí 30 ìṣẹ́jú-àáyá bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ DSNT376I yóò jáde, yóò dárúkọ ẹni tí Db2 gé àti ẹni tó di nǹkan mú. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn méjì ló há mọ́ ara wọn lọ́wọ́, DSNT375I ni ẹ óò rí.

Mẹ́mọ́rì àti dísìkì pàdé nínú buffer pool, àṣẹ wọn sì ni -DISPLAY BUFFERPOOL(ACTIVE) DETAIL(INTERVAL). Ẹ rántí pé INTERVAL ń kà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lo irú àṣẹ náà kẹ́yìn. Bí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò máa gé ìṣirò ara yín kúrú láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é. Nínú ìdáhùn DSNB411I, ẹ fi RANDOM GETPAGE (iye ìgbà tí Db2 bèèrè ojú ewé) wé SYNC READ I/O (R), kí ẹ lè mọ iye ìgbà tí Db2 ní láti lọ sí dísìkì nítorí pé ojú ewé kò sí ní mẹ́mọ́rì. DMTH HIT (iye ìgbà tí buffer fẹ́rẹ̀ẹ́ tán) gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Nígbà tí 95% àwọn buffer bá ti há sọ́wọ́, Db2 a bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ojú ewé, kí ó sì dá a padà, fún ìlà dátà kọ̀ọ̀kan, CPU a sì gbéra sókè. Ẹ̀yin yóò máa wá ẹni tó ń jẹ CPU, àìtó buffer sì ni àìsàn náà. Bákan náà ni page-in: bí ó bá ju 0 lọ lemọ́lemọ́, z/OS ti ń gbé buffer yín jáde kúrò ní mẹ́mọ́rì gidi.

Ẹlẹ́rọ Abúlé

Gbogbo èyí gùn jù lójú tèmi. Ẹ ṣí performance trace (àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ Db2 lọ́kọ̀ọ̀kan), gbogbo kíláàsì, láti aago méjì sí mẹ́rin. Kò sí ohun tó máa sá mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì DBA

Ẹ dákun, ẹ má dán an wò lórí production. Ẹ óò ní dátà lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùṣọ́ tó ń jẹ nínú iṣu tó ń ṣọ́ ni ẹ gbà síṣẹ́ yẹn: CPU tí trace náà máa lò yóò wọ inú ìṣòro tí ẹ fẹ́ wò, SMF 102 yóò sì máa tú jáde débi pé kò ní sí ẹni tó fẹ́ kà á. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo performance trace, ẹ fi IFCID (nọ́ńbà irú àkọsílẹ̀ trace), PLAN tàbí AUTHID dín in kù, kí ẹ sì pa á ní kété tí ẹ bá rí ohun tí ẹ̀ ń wá. Ẹ fi -DISPLAY TRACE(*) wo ohun tó ti wà ní ṣíṣí kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ó wọ́pọ̀ kí a bá trace kan tí ẹnì kan ṣí nígbà kan tó sì gbàgbé.

Fún SQL tó ń gba DIST wọlé, ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ wà. Ẹ ṣí trace MON CLASS(29). Láti ìgbà náà ni Db2 yóò ti máa ṣírò fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó wà nínú dynamic statement cache (ibi tí Db2 ń tọ́jú gbólóhùn SQL tó ti pèsè sí). Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ fún un ní EXPLAIN STMTCACHE ALL, kí ẹ sì yan láti inú DSN_STATEMENT_CACHE_TABLE: STAT_CPU ni CPU rẹ̀, STAT_GPAG ni iye getpage, STAT_EXEC ni iye ìgbà tó ṣiṣẹ́. Ẹ pín CPU sí iye ìgbà tó ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tó kéré gan-an ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pè láìdákẹ́ lè jẹ owó yín ju èyí tó wúwo tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹ kò bá ní SQLADM tàbí SYSADM, àwọn gbólóhùn tí àṣẹ tiyín nìkan bá wọlé ni ẹ óò rí.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí n mú WLM wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí mainframe, CPU tó ń ṣiṣẹ́ ní 100% kì í ṣe àìsàn. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà kó lè máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ WLM sì ni láti pinnu ẹni tí yóò dúró nígbà tí àyè kò bá tó. Nítorí náà, Performance Index (PI) ni nọ́ńbà tí èmi ń wò, orí ojú ewé SYSSUM nínú RMF Monitor III ló sì wà. Bí kò bá kọjá 1, service class náà ń bá ohun tí ẹ ṣèlérí fún un. Bó bá kọjá 1, kò bá a. Batch tí importance rẹ̀ (ipò pàtàkì, 1 ló ga jù) jẹ́ 5 lè ní PI tó ga gan-an lọ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ṣùgbọ́n bí importance 1 bá kọjá 1 tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbéra. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú pé IRLM wà nínú SYSSTC (service class tó wà fún àwọn ètò pàtàkì z/OS), nítorí bí IRLM kò bá rí CPU lò, lọ́ọ̀kì tó yẹ kó ti tú sílẹ̀ yóò máa dúró síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni tó sùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn DBA kì í sábà wò, nítorí wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn onísísítẹ́ẹ̀mù: owó. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ìpíndọ́gba MSU (ìwọ̀n agbára CPU tí a lò) fún wákàtí mẹ́rin tó ń yí lọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó sọ́fítíwíà oṣooṣù, wọ́n sì máa ń fi defined capacity (ààlà ìlò) dí LPAR (apá kan tí a pín nínú ẹ̀rọ) kí ìpíndọ́gba náà má bàa kọjá ibì kan. Ọ̀sán ni òkìtì ìpíndọ́gba yẹn sábà máa ń ga, nítorí pé iṣẹ́ àárọ̀ ti kún inú rẹ̀. Bí ó bá kọjá ààlà, WLM yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún LPAR yín lọ́rùn. Ẹ óò rí iṣẹ́ tó ń dúró de CPU nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì ní àyè, kò sì ní yé yín bí ẹ kò bá mọ̀ nípa ààlà náà. Ojú ewé CPC nínú Monitor III ló ń fi ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́rin àti ìdá àkókò tí WLM fi ń dí i hàn. Ariwo tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì yìí, ibẹ̀ ni èmi yóò kọ́kọ́ lọ bó bá jẹ́ tèmi.

Ẹ má gbàgbé zIIP, ẹ̀yà CPU pàtàkì tí IBM gbé jáde ní 2006. Apá ńlá nínú iṣẹ́ tó ń gba DIST wọlé lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti prefetch (kíka dátà ṣáájú) láti ìgbà Db2 10. Bí zIIP bá kún, z/OS lè gbé iṣẹ́ náà padà sórí CPU gbogbogbòò, níbi tó ti ń gba owó. RMF ń ka ohun tó padà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí IIPCP.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ohio

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo dúró de ariwo ọ̀sán, mo sì tò ó bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́rin wà lábẹ́ ààlà, PI ti CICS ló ti kọjá 1, DA sì jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọjọ́ ìsinmi ni. Nínú -DISPLAY THREAD, ọ̀pọ̀ thread CICS ní ìràwọ̀ tí REQ wọn kò sì sún. Láàárín wọn ni ìlà kan wà tí kò ní ìràwọ̀, tí kò sì yí padà nígbà méjèèjì:

`SERVER   RA     2318 db2jcc_appli CLMWEB   DISTSERV 0071 88213`

Kò pẹ́ tí DSNT376I bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹni tó ń dárúkọ pé ó di lọ́ọ̀kì mú sì ni CLMWEB yìí kan náà. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo fi -CANCEL THREAD(88213) gé e, gbogbo nǹkan sì ṣí. Ìbéèrè mi ni pé: báwo ni mo ṣe lè mọ irú ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn oní-Java wá ni orúkọ wọn jẹ́ db2jcc_appli? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó pe fóònù mi?

Bàbá SDSF

Àbúrò mi, o káre láé. Fi DETAIL kún àṣẹ náà, wàá rí V437 tó ń sọ WORKSTATION, USERID àti APPLICATION NAME, àti V445 tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì IP tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí àwọn oní-Java kò bá fún ètò wọn lórúkọ, V437 kò ní ju orúkọ gbogbogbòò náà lọ. Kí wọ́n fi clientApplicationInformation sí data source wọn, kí ìsanwó ní tirẹ̀, kí ìròyìn ní tirẹ̀. Orúkọ yẹn yóò tẹ̀ lé iṣẹ́ náà dé inú WLM, wàá sì lè fún ètò kọ̀ọ̀kan ní service class tó yẹ ẹ́. Mi ò rí ìyípadà kékeré mìíràn tó ń mú ìṣọ́ Db2 rọrùn tó ìyẹn.

Ìyá Ìbejì DBA

Fún ìkìlọ̀ ṣáájú, ẹ wo nǹkan mẹ́ta nínú zparm yín (àwọn ìlànà ìṣètò Db2). IDTHTOIN ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí thread láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè di nǹkan mú láì sọ̀rọ̀ kí Db2 tó gé e; 120 ló máa ń jẹ́ bí ẹ kò bá yí i, ó sì jọ pé ẹnì kan ti fi tiyín sí 0, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní gé ẹnikẹ́ni láéláé. URCHKTH ń mú kí DSNR035I jáde bí iṣẹ́ kan bá ti la checkpoint (àmì tí Db2 ń fi sínú log lóòrèkóòrè) púpọ̀ kọjá láì ṣe COMMIT. URLGWTH ń ṣe irú iṣẹ́ náà nípa iye àkọsílẹ̀ log. Ẹ ní kí àwọn tó ń bójú tó automation so àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí àti DSNT376I mọ́ ìkìlọ̀ sí fóònù yín.

Ní ti ìròyìn wákàtí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, dátà kọ́ ló ṣe yín bẹ́ẹ̀. Láti Db2 10 ni àkọsílẹ̀ statistics pàtàkì nínú SMF 100 ti ń jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan; jọ́ọ̀bù tó ń ṣe ìròyìn yín ló ń ro ó pọ̀. Ẹ yí àkókò àròpọ̀ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìtàn tiyín láì ra nǹkan kan, ẹ kọ ètò kékeré tó ń pe SYSPROC.ADMIN_COMMAND_DB2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú -DISPLAY THREAD, kó máa to ìdáhùn rẹ̀ sínú table.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ohio

Ẹ̀yin ìyá wa, 0 ni IDTHTOIN wa lóòótọ́. Àwọn oní-Java ń bẹ̀rù pé bí a bá fi sí 120, yóò gé àwọn ètò mìíràn tó ń dúró dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù

Kò pọn dandan kí ẹ fi ìwọ̀n kan náà sórí gbogbo wọn. Ẹ lo àwọn table DSN_PROFILE_TABLE àti DSN_PROFILE_ATTRIBUTES, kí ẹ kọ MONITOR IDLE THREADS fún CLMWEB nìkan, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi WARNING sí i. Db2 yóò máa jábọ̀ láì gé ẹnikẹ́ni, ẹ óò sì rí bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó. Nígbà tí àwọn oní-Java bá ti tún COMMIT wọn ṣe, ẹ yí i sí EXCEPTION kó lè máa gé e, kí ẹ fún Db2 ní -START PROFILE lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè ka ìyípadà náà.